Ẹ̀rọ ìyan-kọfí àfọwọ́ṣe: kí ni kí ẹ fi máa darí iná rẹ̀?

Bí ẹ bá ti jókòó ti obìnrin tó ń yan gààrí rí, ẹ ó ti rí i pé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ro gààrí ni ojú rẹ̀ ń wo ìdí iná. Bí gààrí bá fẹ́ máa jó, á fa igi kan sẹ́yìn. Bí agbada bá ń tutù, á tì í padà. Kò wo aago, kò sì ní tẹmómítà. Iṣẹ́ kan náà ni kọfí yíyan, àfi pé dúrọ́ọ̀mù tó ń yí kì í jẹ́ ká rí inú rẹ̀ dáadáa, ìṣẹ́jú méjì péré ló sì lè wà láàárín kọfí tó dùn àti kọfí tó ti di èédú.

Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti bàjẹ́ ni mo fi ṣe tèmi. Mọ́tò wáípà tó ń yí i, ọjà Àràrọ̀mí ní Gate ni mo ti rà á. Wẹ́dà tó bá mi jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ wo iṣẹ́ náà títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gúgúrú lẹ fẹ́ máa tà ni?" Mo ní kọfí ni. Ó ní, "Kọfí? Èyí tó wà nínú agolo ńkọ́?" N kò bá a wí. Ìdí-Ayùnrẹ́ tó wà nítòsí wa níbí ni CRIN wà, ilé ìwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí kòkó, obì, kajú, tíì àti kọfí, síbẹ̀ inú agolo ni ọ̀pọ̀ wa ní Ìbàdàn ti mọ kọfí.

Àwọn tó ń kọ́ tiwọn kì í bi mí ní ìbéèrè méjì: kọntiróólà wo ni kí n rà? Ìdáhùn mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ kọ́kọ́ wo irú iná tí ẹ ní, kí ẹ sì mọ ohun tí kọfí ń fẹ́ lọ́wọ́ iná náà.

Ohun tí kọfí ń fẹ́

Kọfí tí a kò tíì yan ní omi tó tó ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Títí ooru rẹ̀ yóò fi tó bíi 150°C, omi yẹn ló ń gbẹ. Àwọ̀ ewé rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè, òórùn koríko gbígbẹ á di òórùn búrẹ́dì. Ní àyíká 196°C ni ẹ ó gbọ́ ìró àkọ́kọ́, tí yóò máa ta pá-pá-pá bíi gúgúrú. Ìró kejì kéré, ó sì yára, bí ìgbà tí èèyàn da iyọ̀ sínú iná; àyíká 224°C ló wà. Láàárín ìṣẹ́jú 8 sí 15 ni gbogbo rẹ̀ ń parí, kọfí náà á sì ti fúyẹ́ ní ìdá 12 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rò pé kí ooru dúró sí 200°C, bí omi ṣe ń dúró nínú fíríìjì, ni iṣẹ́ náà. Rárá. Ooru kọfí gbọ́dọ̀ máa gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n kí gígòkè náà máa dín kù. Bí ó bá ń fi bíi 15°C gòkè ní ìṣẹ́jú kan ní àárín iṣẹ́, kó ti di bíi 6 tàbí 7°C nígbà tí ìró àkọ́kọ́ bá ń tán lọ. Bí gígòkè bá dúró pátápátá, kọfí á kàn sè nínú ooru ara rẹ̀, adùn á sì lọ, á dà bí ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà. Bí ẹ bá sì fipá lé e, ẹ̀yìn á jó nígbà tí inú ṣì tutù. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni ohun tí yóò jẹ́ kí ọwọ́ wa lè máa dín agbára iná kù díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì jẹ́ ká mọ iye tí a ti dín.

Ohun márùn-ún ni mo fi wé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Owó ṣáájú, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè ti di ìtàn kí ẹ tó kà á. Màá kàn sọ èyí tó wọ́n ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ó ṣe máa ṣe nígbà tí iná ilé bá ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà, bí ó ṣe tètè ń gbọ́ràn, ìyẹn ni pé bí ẹ bá dín iná kù nísinsìnyí, ìgbà wo ni kọfí máa mọ̀? Ìkẹrin ni bóyá ẹ lè yan irú kọfí tí ẹ yan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ewu ló gbẹ̀yìn, torí èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń bọ́ lára kọfí máa ń gbiná.

Tẹmómítà kò sí lára ohun tí a ń fi wéra

Dandan ni. Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn nínú àwọn tó ń bọ̀, ẹ ra thermocouple onírú K àti ohun tí yóò máa ka nọ́ńbà rẹ̀. Wáyà méjì tí irin wọn kò jọra ni, tí wọ́n jó pọ̀ ní orí. Ó lè ka ooru tó ju 1,000°C lọ, kò sì wọ́n. Ẹ mú èyí tí ara rẹ̀ tín-ín-rín, bíi milimítà 3. Èyí tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbọ́, ẹ ó sì máa wo ooru ìdajì ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Ẹ má tì í bọ ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń jáde. Àárín kọfí gan-an ni kí ẹ tì í sí, ní ibi tí kọfí á ti máa bò ó bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń yí.

Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ tì í bọ inú omi tó ń hó. Ìbàdàn ga ju etí òkun lọ díẹ̀, nítorí náà bíi 99°C ló yẹ kó kà. Bí nọ́ńbà bá ń lọ sílẹ̀ nígbà tí omi ń gbóná, ẹ ti fi wáyà méjèèjì síra wọn ní òdìkejì.

Èmi fúnra mi ṣe aṣìṣe kan tó ba kọfí kílò méjì jẹ́. Wáyà thermocouple mi kúrú, mo sì fi wáyà iná lásán tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ojú ibi tí mo ti so wọ́n pọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, níbi tó ń gbóná tó bíi 60°C, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà wà lórí tábìlì níbi tí ooru kò ju 30°C lọ. Gbogbo ìyàtọ̀ 30°C yẹn ni ó ń yọ kúrò nínú ohun tí mò ń rí. Ó ń sọ fún mi pé 190°C ni, kọfí ti wà ní 220°C. Wáyà onírú K kan náà ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ síwájú, tàbí kí ẹ ra èyí tó gùn.

Etí, imú àti èédú

Kò sí èyí tó rọrùn láti rà jù ú lọ. Èédú, dúrọ́ọ̀mù, ọwọ́ tí ẹ fi ń yí i. Bí ẹ ṣe ń darí ooru ni pé kí ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sókè tàbí kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ fẹ́ iná tàbí kí ẹ fi eérú bò ó. Iná ìjọba kò kàn án. Ṣùgbọ́n èédú kì í gbọ́ràn kíá: ẹ ti fẹ́ ẹ ná, ó ti pọ́n, kò sí bí ẹ ṣe lè ní kó rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbígbé dúrọ́ọ̀mù sókè nìkan ló ń tètè ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ sọ fún wẹ́dà kó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ lè mọ̀ pé "ihò kẹta ni mo wà ní ìṣẹ́jú keje." Àtúnṣe irú kan náà ṣòro, torí àpò èédú kan kì í jọ èkejì, pàápàá nígbà òjò tí èédú ti fa omi.

Ó kọ́ etí àti imú lẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo ìyókù lọ o. Mo mọ àwọn tó ní kọntiróólà olówó ńlá tí wọn kò mọ òórùn kọfí tó fẹ́ ta.

Tẹ́mósítáàtì ófùn tàbí ti áyọ́ọ̀nù

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń já iná nígbà tó bá gbóná dé ibì kan, ó sì ń dá a padà nígbà tó bá tutù tó, ìyàtọ̀ 10 sí 20°C sì lè wà láàárín méjèèjì. Ohun tí a ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni yóò máa ṣe: ooru á gòkè, á dúró, á rọlẹ̀, á tún gòkè. Ẹ má fi darí kọfí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ nù. A máa wúlò fún jíjá iná bí nǹkan bá dàrú.

Dímà àti hítà iná mọ̀nàmọ́ná

Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lò, torí ẹ̀rọ gúgúrú tàbí hítà kọ́ìlì wà káàkiri, dímà oníwáàtì púpọ̀ kò sì wọ́n. Ẹ yí bọ́tìnnì rẹ̀, hítà á gbóná sí i tàbí kó rọlẹ̀. Kọ́ìlì tín-ín-rín nínú afẹ́fẹ́ máa ń gbọ́ràn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó sàn ju èédú lọ fíìfíì.

Bí ẹ̀rọ gúgúrú ni ẹ ń lò, ẹ ya wáyà fáànù kúrò lára ti hítà. Bí dímà kan náà bá ń dín méjèèjì kù, afẹ́fẹ́ á rọlẹ̀ pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ tó sì rọ̀ a máa jẹ́ kí ooru pọ̀ sí i nígbà tí ẹ rò pé ẹ ń dín in kù. Mo ti rí ẹni tó yí bọ́tìnnì sílẹ̀ tí kọfí rẹ̀ sì gbiná.

Ìṣòro tó tóbi jù ni fọ́ltéèjì wa. Agbára hítà kì í bá fọ́ltéèjì lọ ní ẹsẹ̀ kan; ìlọ́po fọ́ltéèjì pẹ̀lú ara rẹ̀ ló ń bá lọ. Hítà oníwáàtì 1,500 lórí 230 ń ṣe iṣẹ́ 1,500. Bí iná bá rọ̀ sí 180, bíi wáàtì 920 ló kù. Bí ó bá rọ̀ sí 160, bí ó ṣe máa ń rí ní alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá dé láti ibi iṣẹ́, ó kéré sí wáàtì 730, kò tó ìdajì. Dímà yín ṣì wà níbi tí ẹ fi sí, kò sì mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà kò ní mọ̀, àfi tí gígòkè ooru bá dúró ní 170°C tí kọfí sì ń sè lásán. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ bá fi dímà sí ojú kan náà ní aago márùn-ún ìdájí nígbà tí iná kún, ó lè jó o.

Sítábíláísà lè gbà yín, bí ó bá tóbi tó. Fún hítà 1,500, ẹ má ronú ohun tó kéré sí 3kVA. Irú èyí tó ń dún kàkà-kàkà bó ṣe ń yí ara rẹ̀ padà máa ń fo láti ojú kan sí òmíràn, ẹ ó sì rí fífò yẹn lára kọfí; onísáfò (servo), èyí tí mọ́tò kékeré ń yí inú rẹ̀, ló ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá fi owó rẹ̀ kún owó dímà, ọ̀nà yìí kò pọ́ọ́kú mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé hítà yìí rárá, ẹ má dán an wò.

Gáàsì pẹ̀lú fáàfù tó ṣe é yí díẹ̀díẹ̀

Èyí ni èmi ń lò, nítorí náà ẹ mọ̀ pé mo ní ojúsàájú díẹ̀.

Rẹ́gúlétọ̀ gáàsì ilé máa ń dín présọ̀ inú sílíńdà kù sí bíi mílíbà 28 sí 30. Bí sílíńdà bá kún tàbí ó kù díẹ̀, ohun tó ń jáde kì í yí padà púpọ̀ títí yóò fi fẹ́ tán. Ìyẹn nìkan ti fún wa ní ohun tí iná mọ̀nàmọ́ná kò fún wa. Ṣùgbọ́n kámúpù-gáàsì kékeré, èyí tí ààrò ń jókòó sórí rẹ̀ láìsí rẹ́gúlétọ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gáàsì ṣe ń jáde ni sílíńdà ń tutù, présọ̀ sì ń rọlẹ̀ láàárín yíyan kan ṣoṣo. Ẹ má fi èyí ṣiṣẹ́.

Bọ́tìnnì ààrò lásán kò tó. Ẹ fi fáàfù onímú-abẹ́rẹ́ sí ojú ọ̀nà, èyí tí ẹ lè yí ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó ṣí tán. Lẹ́yìn fáàfù náà, kó tó dé ibi tí iná ti ń jó, ẹ fi ohun tí yóò máa ka présọ̀ sí i. Géèjì táyà kò lè ka á. Présọ̀ yìí kéré débi pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Èyí tó ń ka mílíbà wà, ó wọ́n díẹ̀. Èmi lo rọ́bà funfun tí a ń rí inú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U mọ́ pátákó, mo bu omi sí i, mo so apá kan mọ́ ojú ọ̀nà gáàsì. Mílíbà 30 á gbé omi sókè ní bíi sẹ̀ntímítà 30 ní ìyàtọ̀ apá méjèèjì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí apá kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ntímítà 40. Rúlà ọmọ iléèwé ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn rẹ́gúlétọ̀ nìkan ni kí ẹ ti so ó o, kì í ṣe sílíńdà gan-an láéláé. Ẹ da ọṣẹ lé gbogbo ojú ìsopọ̀ kí ẹ tó tanná, kí ẹ wò ó bóyá ó ń hó. Ìta gbangba sì ni kí ẹ ti máa yan.

Ohun kan tó ṣi mí lọ́nà níbẹ̀rẹ̀: bí omi bá wálẹ̀ láti 30 sí 15, iná kò dín sí ìdajì. Bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà níbẹ̀. Kó tó di ìdajì gan-an, ẹ gbọ́dọ̀ mú un wá sí bíi 7.5. Nígbà tí mo mọ èyí ni yíyan mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ ọ́ sí: 28 láti ìbẹ̀rẹ̀, 18 nígbà tí àwọ̀ bá di ìyeyè, 10 nígbà tí mo bá gbóòórùn ìró àkọ́kọ́ tó ń bọ̀. Nọ́ńbà ẹ̀rọ mi nìyẹn. Tiyín á yàtọ̀.

Ní ti ìgbọ́ràn, ìjó iná ń yí padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n irin dúrọ́ọ̀mù ń di ooru mú, nítorí náà kọfí lè má mọ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ dín in kù ṣáájú, kó tó di dandan. Àárọ̀ ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù gbóná pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó da kọfí sí i.

PID àti SSR

PID ni àpótí kékeré onínọ́ńbà pupa tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Irú REX-C100 ló pọ̀ jù, wọ́n sì máa ń dì í pọ̀ pẹ̀lú SSR (súwíìsì tó ń tan hítà tó sì ń pa á bí PID bá ti ní kó ṣe) àti thermocouple. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka kóòdù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí V níbi tí wọ́n kọ irú ìjáde rẹ̀ sí, ó wà fún SSR. Bí ó bá jẹ́ M, rílè ló wà nínú rẹ̀, kò sì lè darí SSR yín.

PID ń wo ooru, ó ń wo bí ó ti jìnnà sí ibi tí ẹ fẹ́, ó sì ń tan hítà ó ń pa á ní kíákíá. Ó dára ju dímà lọ ní ọ̀nà kan: bí fọ́ltéèjì bá rọlẹ̀, yóò jẹ́ kí hítà pẹ́ sí i lórí iná láti fi dí i. Àmọ́ bí iná bá wà ní 160, tí hítà ti wà lórí iná láìsinmi tí kò sì tó, kò sí ohun tí PID lè fi kún un.

Ẹ má fi darí ooru kọfí tààrà. Ẹ fi thermocouple rẹ̀ sí ojú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, kí ẹ fi òmíràn sínú kọfí fún ojú yín, kí ẹ wá máa yí nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé 210°C ni kó mú kọfí dé, á sáré débẹ̀, á sì dúró síbẹ̀, kọfí á sì sè. Nínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ti ń ṣe dáadáa jù. Nínú dúrọ́ọ̀mù wúwo, á máa kọjá ààlà, á máa padà.

SSR tèmi kú nígbà kan ní àárín iṣẹ́. Kì í kú bíi gílóòbù. Ipò títàn ló sábà máa ń kú sí: iná á máa lọ, PID á kọ pé òun ti pa á, hítà á sì máa pọ́n. Mo ń gbọ́ tí kọfí ń ta ìró kejì nígbà tí nọ́ńbà ti ní kó dúró tipẹ́. Láti ọjọ́ náà, fíúsì ooru wà lára hítà mi, ìyẹn èyí tó ń já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ooru bá kọjá ààlà, bọ́tìnnì ńlá sì wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè kàn án. Ẹ de SSR mọ́ irin tó ń fa ooru, ẹ má sì gba 40A tí wọ́n kọ sí i lára gbọ́. Ìdajì rẹ̀ ti pọ̀.

Àwọn kan ń fi Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) àti MAX6675 (ṣíìpù tó ń ka thermocouple) rọ́pò àpótí náà, tí wọ́n sì so ó mọ́ Artisan, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń ya bí ooru ṣe ń gòkè. Bí ẹ bá fẹ́ràn kóòdù kíkọ, ó ga. Ṣùgbọ́n ohun tí Artisan fi wúlò jù ni kíkọ sílẹ̀, kì í ṣe dídarí. Ó lè jókòó ti ẹ̀rọ gáàsì kó máa sọ fún yín pé gígòkè ti di 8°C ní ìṣẹ́jú kan, kí ọwọ́ yín wá yí fáàfù.

Ta ni kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá kan ní Àgbowó, tó ń yan gíráàmù 80 fún ara rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ kan, kó mú ẹ̀rọ gúgúrú, dímà àti tẹmómítà. Kó yan ní ìdájí nígbà tí iná bá kún, kó sì fi mítà fọ́ltéèjì kékeré sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè mọ̀ bóyá òní ṣe é yan.

Ẹni tó ń yan kílò kan fún ilé àti ìjọ lọ́sẹ̀, tàbí tó ń gbé kọfí fún àwọn ilé oúnjẹ ní Bódìjà, gáàsì ni, pẹ̀lú rọ́bà olómi. Oníbàárà tó bá rà á lẹ́ẹ̀kejì fẹ́ kó jọ ti àkọ́kọ́, kò sì fẹ́ gbọ́ pé iná ló rọ̀. Bí láptọ́ọ̀pù bá wà nílẹ̀, kó fi Artisan kún un.

Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun á fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, kó yá dúrọ́ọ̀mù tàbí agbada ẹ̀pà, kó fi èédú yan ìgbà mẹ́wàá. Kó lo robusta, irú kọfí tó pọ́ọ́kú, kó má tíì fi arabica orí òkè Mambilla, èyí tó wọ́n, kọ́ṣẹ́.

PID wà fún ẹni tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná àti iná tó dúró sójú kan, bóyá sólà ńlá tàbí sítábíláísà onísáfò. Bí ẹ bá wà lára wọn, fíúsì ooru méjì ni kí ẹ rà, torí ọ̀kan á já ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ń kọ́ bí ẹ ó ṣe lò ó.